Ìyá Àgbà, Àlùbáríkà àti Nọ́ọ̀tì Mẹ́rìnlá

Nígbà tí a ń ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ fún Ìyá Àgbà ní Ṣakí, ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dìde, tí wọ́n sọ pé ìyá náà kò fìgbà kankan ro ibi sí ọmọnìkejì. Mo jókòó lẹ́yìn, mo ń wo ẹnu wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá Àgbà pè ní olè lójú mi, nítorí abẹ́rẹ́ kan tó wá yá tí kò dá padà. Òmíràn kò gbọdọ̀ wọ ọgbà ilé wa fún odidi ọdún mẹ́ta, torí Ìyá Àgbà ní ojú rẹ̀ máa ń pẹ́ jù lára adìẹ. Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ká ní Ìyá Àgbà fúnra wọn wà níbẹ̀ ni, wọn ì bá bi àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léèrè ohun tí wọ́n ń wá.

Èmi ò ní yìn wọ́n bẹ́ẹ̀. Èmi ni Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọmọ wọn. Olùkọ́ ni mí ní Ìsẹ́yìn, èmi sì ni mo ń wa ọkọ̀ fún wọn nígbàkígbà tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, láti ìgbà tí orúnkún wọn kò ti jẹ́ kí wọ́n lè wà á mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé onífura ni Ìyá Àgbà. Wọ́n ń fura sí ọjà, wọ́n ń fura sí òjò, wọ́n ń fura sí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ̀ mí.

Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń tà. Wọ́n á lọ rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ìgbòho àti Kìṣí, wọ́n á wá tà á ní Ṣakí. Àwọn oníṣòwò yòókù máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan lókè àpò ni, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á wò ó, ó tán. Ìyá Àgbà á ká apá bùbá, wọ́n á ti ọwọ́ bọ àpò títí dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á bu ti ìsàlẹ̀ wá sókè. Bí ẹni tó ni ọjà bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún ti ọwọ́ kejì bọ̀ ọ́. Bàbá arúgbó kan ní Kìṣí, tí wọ́n ti ń bá ra ọjà láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé, bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ṣé lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí wọn ò tíì gba òun gbọ́ ni. Ìyá Àgbà ní àwọn gba bàbá gbọ́, àpò bàbá ni àwọn ò gbà gbọ́. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, wọ́n gbọn ọwọ́ wọn nù, wọ́n ní, "Òkè àpò kì í jẹ́rìí ìsàlẹ̀, Àbẹ̀kẹ́."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sí èmi alára. Oṣù àkọ́kọ́ tí mo gba owó iṣẹ́, mo ra aṣọ fún wọn ní Ìsẹ́yìn, ojúlówó aṣọ òkè, mo sì gbé e wá sílé tayọ̀tayọ̀. Wọ́n tú u, wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n yí inú rẹ̀ síta, wọ́n sì wo etí rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mo rò pé àbùkù aṣọ ni wọ́n ń wá. Wọ́n ká a padà dáadáa, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n wá wò mí lójú. Wọ́n ní, "Kí lo ṣẹ̀ mí?"

Inú bí mi débi pé mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni màmá mi tó sọ fún mi pé wọ́n bí i mọ́ wọn ni. Ahunṣọ ni bàbá Ìyá Àgbà ní Ìsẹ́yìn. Àwọn kan ń jí òwú rẹ̀, wọ́n á fa díẹ̀ nínú ìdì, wọ́n á sì tún un dì bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Bàbá náà wá ronú kókó kan tó jẹ́ pé bí èèyàn bá tú u, kò lè ta á padà láéláé àfi bó bá mọ̀ ọ́n. Nínú ọmọ mẹ́jọ, Ìyá Àgbà nìkan ló fi kókó náà hàn. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n kọ́ mi. Wọ́n ní ohun tí ẹni méjì bá ti mọ̀, ọjà ti gbọ́ ọ.

Ẹnìkan péré ni wọ́n fọkàn tán, bí a bá lè pè é ní ìfọkàntán. Ràfíù ni, mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ wọn ṣe. Ọkọ̀ náà jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré àtijọ́ kan tí wọ́n kọ ÀLÙBÁRÍKÀ sí ìdí rẹ̀, orúkọ tí gbogbo wa sì ń pè é nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù Ràfíù wà nínú ọgbà àwọn mẹkáníìkì, lójú ọ̀nà Ògbòòrò. Ní ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ fún ọmọdé, Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ gbé Àlùbáríkà wá bá a. Gbogbo ìlú ní àánú rẹ̀ ló ṣe wọ́n. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní, "Àánú wo? Ó ṣì kéré nígbà náà, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jalè."

Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń tún ọkọ̀ ṣe níwájú Ìyá Àgbà rí. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kán gbogbo nǹkan tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má bàa pààrọ̀ tiwọn. Wọ́n á gbé àpótí ìjókòó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n á tẹ́ ìborùn sórí itan. Nọ́ọ̀tì tí Ràfíù bá tú, inú ìborùn ni yóò fi sí, wọ́n á sì kà á sókè. Kí ó tó lè sọ kàbúrétọ̀ kalẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́rìnlá ló gbọ́dọ̀ tú, mẹ́rìnlá náà ni Ìyá Àgbà ń retí kí ó padà síbi tó ti wá. Ṣáájú gbogbo èyí, wọ́n á kọ́kọ́ lọ sídìí táǹkì, wọ́n á fi ẹ̀yìn bo ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n á ṣí ìdérí rẹ̀, wọ́n á ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n kọ ilà sí lára bọ inú epo. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́. Epo kò dín rí. Ràfíù á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Màmá, ẹ kà mí mọ́ ọn."

Wọn kì í jẹ, wọn kì í mu níta. Ràfíù mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ nínú ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í po tíì fún wọn. Ó gbé agolo mílíìkì síwájú wọn, ó fi ìṣó lu ihò kan ṣoṣo sí i, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Mílíìkì náà ń kán tó, tó. Ìyá Àgbà ní kí ó lu ìkejì. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá," kò sì lù ú. Nígbà tí a tún padà lọ, ohun kan náà ló ṣe. Èmi rò pé ahun ni. Ìyá Àgbà rò jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti ife náà sẹ́yìn, wọ́n sì wí fún mi nígbà tí a ń lọ sílé pé, "Ẹni tó bá lu ihò kan sí agolo mílíìkì, kò fẹ́ kí mílíìkì jáde ni."

Ọdún tí epo bẹntiróò wọ́n gógó ni ọdún náà. Àwọn olè ń fi rọ́bà fa epo nínú táǹkì ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé síta, wọ́n ní apá Ìjìó ni wọ́n ń gbé e gbà kọjá bọ́dà. Ìyá Àgbà gbọ́ èyí, wọ́n sì fi òwú pupa we ìdérí táǹkì Àlùbáríkà yípo, wọ́n ta kókó bàbá wọn sí i. Wọn kì í jẹ́ kí n súnmọ́ ibẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ra epo, àwọn ni yóò sọ̀ kalẹ̀ tú u, àwọn náà ni yóò sì dì í padà.

Kò pẹ́ sí i ni Àlùbáríkà bẹ̀rẹ̀ àìsàn. A ó kúrò ní Ṣakí dáadáa. Bí a bá ti rìn jìnnà díẹ̀ sí ọ̀nà Ìgbòho, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Kì í lè dúró lórí sílóò mọ́, ìyẹn ni pé bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, yóò húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì kú. A ó jókòó sábẹ́ igi èmi kan, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, létí ọ̀nà, oòrùn á máa pa wá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo bá tún yí kọ́kọ́rọ́, yóò ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Tó bá tún rìn díẹ̀, á tún kú.

A gbé e lọ bá Ràfíù. Ìyá Àgbà ṣí táǹkì, wọ́n ki igi wọn bọ̀ ọ́, wọ́n jókòó. Ràfíù ṣáná sí i, ọkọ̀ sì ń dún dáadáa, ó dúró lórí sílóò láìmì. Ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì, ó nù wọ́n, ó fọ kàbúrétọ̀, ó pààrọ̀ fíltà epo, ó fi ọwọ́ tọ gbogbo rọ́bà tí afẹ́fẹ́ lè máa gbà yọ. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wà á jáde lọ wò lójú ọ̀nà. Ìyá Àgbà kọ̀. Bí a ṣe kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, tí a dé ibi igi èmi, ọkọ̀ kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ bẹ́ẹ̀, tí a bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́nà ilé ní ìgbà kẹta, Ìyá Àgbà ti rí i. Wọ́n ní ṣé mi ò kíyè sí i pé ọkọ̀ náà kì í kú ní ṣọ́ọ̀bù Ràfíù? Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ á yá. Bí ó bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, á kú. Wọ́n ní nǹkan kan wà tí Ràfíù ń fi sínú ọkọ̀ náà kí àwọn lè máa padà wá. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mi ò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Kí n má parọ́, mo gbà wọ́n gbọ́.

Wọ́n mú ẹjọ́ Ràfíù lọ bá alága àwọn mẹkáníìkì. Alága pe ìpàdé lábẹ́ igi máńgòrò tó wà láàárín ọgbà, àwọn tó tó ogún jókòó. Alága bi mí, nítorí èmi ni mo ń wa ọkọ̀, pé ṣé lóòótọ́ ni ọkọ̀ náà ń kú ní gbogbo ìgbà tí a bá kúrò lọ́dọ̀ Ràfíù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ràfíù wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì wo ilẹ̀. Títí di òní, nígbà mìíràn tí mo bá ń kọ nǹkan sára pátákó níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé, ojú tó fi wò mí yẹn máa ń wá sí mi lọ́kàn, ojú á sì tì mí.

Ìyá Àgbà ní kí ó gbé Kùránì búra. Ràfíù ní òun kò ní búra nítorí ọkọ̀, pé ẹni tó bá mọ òun mọ òun. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé kí ló ń bẹ̀rù. Alága wá dá a pé bí ó bá di ọjọ́ Ajé tí kò búra, kí ó kó àwọn sípánà rẹ̀ kúrò nínú ọgbà. Ogún ọdún iṣẹ́, ìyàwó kan, ọmọ mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo ń po tíì fún Ìyá Àgbà nílé. Mo lu ihò kan sí agolo mílíìkì, kò jáde, mo ń gbọ̀n ọ́n. Wọ́n gba agolo náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ṣé ilé ìwé tí mo lọ kò kọ́ mi pé ihò méjì ni, èyí tí mílíìkì ń gbà jáde àti èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Wọ́n gbé ìṣó lé e. Wọn ò lù ú. Wọ́n dúró pẹ̀lú ìṣó lọ́wọ́, wọ́n ń wo ìta, níbi tí Àlùbáríkà wà.

Wọ́n jáde, mo sì tẹ̀lé wọn. Wọ́n tú òwú pupa náà, wọ́n ṣí ìdérí táǹkì, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù kan tó nípọn sì jáde lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ká po lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Wọ́n ti fi ọ̀rá náà dí ẹnu táǹkì pinpin kí wọ́n tó dé e, pé olè tó bá rọ́nà já òwú, kí ó tún bá ọ̀rá pàdé. Nígbàkígbà tí a bá sì ti dé ọ̀dọ̀ Ràfíù, wọn á kọ́kọ́ yọ ọ́ láti wọn epo. Wọ́n na ìdérí náà sí oòrùn, wọ́n fi ojú kan wo ihò bíńtín tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n wọ ọkọ̀.

A lọ sí Ìgbòho láìfi ọ̀rá dí i, a yà kọjá lábẹ́ igi èmi, a dé Ìgbòho, a padà. Àlùbáríkà kò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ó sì dúró lórí sílóò, ó ń dún jẹ́jẹ́. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà ní, "Epo ń jáde, afẹ́fẹ́ ò wọlé. Èmi ni mo fún ọkọ̀ mi lọ́rùn."

Mo ní ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ yìí, ẹni méjì péré ló mọ̀ ọ́n. Mo ní kí a ju ọ̀rá náà nù, kí a ránṣẹ́ sí alága pé a ti dárí ji Ràfíù, kí gbogbo rẹ̀ tán síbẹ̀. Mo rò pé mò ń gba ojú wọn là ni. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ìsàlẹ̀ àpò. Wọ́n ní, "Ìwọ gan-an ló yẹ kí n máa fura sí."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n dé ọgbà mẹkáníìkì kí alága tó dé. Ràfíù ti ń to sípánà sínú àpótí. Nígbà tí gbogbo wọn pé, Ìyá Àgbà dìde, ọ̀rá lọ́wọ́ ọ̀tún, òwú pupa lọ́wọ́ òsì. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Alága, ẹni tí kò fẹ́ kí àgbàlagbà tẹ́, tètè gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Ó ní ó ti tó, Màmá, iṣẹ́ Ṣàtánì ni, Ṣàtánì ló fẹ́ da àárín wọn rú. Gbogbo wọn ń mi orí, wọ́n ń ṣe àmín.

Ìyá Àgbà gbé òwú náà sókè. Wọ́n ní, "Ẹ má purọ́ mọ́ Ṣàtánì. Bàbá mi ò kọ́ Ṣàtánì ní kókó yìí. Ọwọ́ mi ni." Wọ́n wá tú gèlè orí wọn, àwọn tí n kò rí orí wọn ní òfo níta rí, wọ́n sì bẹ Ràfíù lórúkọ, lójú gbogbo wọn. Ràfíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí wọ́n tó parí rẹ̀. Mo sunkún níbi tí mo dúró sí, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń sunkún fún nínú àwọn méjèèjì.

Bí ẹ bá rò pé ó yí wọn padà, ẹ ò mọ Ìyá Àgbà. Nígbà tí a tún padà lọ pààrọ̀ ọ́ìlì, àpótí wọn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ìborùn ti wà lórí itan, igi táǹkì wà lọ́wọ́. Mo rọra bi wọ́n pé ṣé wọ́n ṣì ń fura sí i ni. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ̀bi lẹ́ẹ̀kan kò torí ẹ̀ fọ́jú.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ yẹn, nígbà tí àwọn olùyìn ti jẹun tán tí wọ́n ti lọ, Ràfíù nìkan ló ṣẹ́kù, ó ń bá wa to àga. Òun ni kò dìde sọ nǹkan kan. Mo bi í ohun tó dé. Ó ní òun ti mọ̀. Mo ní kí ló mọ̀? Ó ní ìgbà kejì tí a wá ni òun ti rí ọ̀rá náà lọ́wọ́ Màmá, nígbà tí wọ́n rò pé àwọn fi ẹ̀yìn bò ó.

Mo wo ojú rẹ̀, mò ń wá irọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fẹ́ lé yín kúrò nídìí iṣẹ́?"

Ó ní, "Bí mo bá yọ ọ̀rá yẹn, Tíṣà, wọ́n á ní èmi ni mo fi síbẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ láàárín ìpàdé, mo dójú tì wọ́n. Ta ló kọ́kọ́ fi ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́ ní ìlú yìí?" Ó gbé àga méjì léra. "Màmá ò ní gba ohun tí wọn ò bá fúnra wọn rí gbọ́. Ìgbà kejì yẹn àti ìgbà kẹta ni mo gbé agolo mílíìkì síwájú wọn, ihò kan ni mo lù. Mo kàn ń dúró dè wọ́n ni."

Mo rántí tíì tí a tì sẹ́yìn, mo rántí bí mo ṣe pè é ní ahun nínú ọkàn mi.

Àlùbáríkà ti di tèmi báyìí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí n tó padà sí Ìsẹ́yìn, mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ Ràfíù kí ó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa àpótí Ìyá Àgbà jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó nù ún. Mo jókòó. N kò mọ ìgbà tí mo tẹ́ ìborùn mi sórí itan. Ó ń tú nọ́ọ̀tì, ó ń fi wọ́n síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu mi sì ti ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Kò gbójú sókè.

"Mẹ́rìnlá ni, Tíṣà," ló wí. "Màmá ti kà á."

Mo kà á tán kí n tó dá a lóhùn. Mẹ́rìnlá ni lóòótọ́.